Ọmọbìnrin mi fẹ́ máa fi kẹ̀kẹ́ orí òkè díje: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ọmọ, Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 13. Ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ ní Herne Hill, ní London níbí, fún ìgbà díẹ̀, lórí àwọn ọ̀nà tóóró tí wọ́n là sí ẹ̀gbẹ́ pápá eré kẹ̀kẹ́ ibẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí a ti mú un lọ sí Hadleigh Park ní Essex, níbi tí wọ́n ti gun kẹ̀kẹ́ orí òkè nígbà Òlíńpíìkì 2012, kò sí ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ní òun fẹ́ díje lọ́dún tó ń bọ̀.

Bàbá rẹ̀ ti rí ìlànà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ojoojúmọ́ ni kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ eré àsápajúdé. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, wákàtí mélòó ló yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀? Irú kẹ̀kẹ́ wo la máa rà? Kí ni yóò máa jẹ? Irun ńkọ́? Tí mo bá ti dì í fún un, àṣíborí kì í jókòó dáadáa mọ́. Kò sẹ́ni tó ṣe irú eré yìí rí nínú ẹbí wa, ìbáà jẹ́ lọ́dọ̀ mi tàbí lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Kóòṣì Ọ̀dọ́, Leeds

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ bá mi bẹ bàbá wọn kí wọ́n yọ ìwé yẹn kúrò lára fíríìjì. Àwọn àgbà tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun ni wọ́n ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fún. Eegun ọmọ ọdún 13 ṣì ń gùn, kò tíì le tó láti ru ẹrù yẹn.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ dókítà eré ìdárayá ń lò kò le: wákàtí eré tí ọmọ ń ṣe lọ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ ju iye ọdún rẹ̀ lọ. Fún ọmọ yín, wákàtí 13 ni òpin, gbogbo eré lápapọ̀, títí kan èyí tó ń ṣe nílé ìwé àti ijó tó bá ń kọ́. Òpin ni mo pè é o, ẹ má lépa rẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́ nìkan, wákàtí 4 sí 6 ti tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà tún ní kí ọmọ máa sinmi ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, kí ó sì fi eré tó gbájú mọ́ yẹn sílẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta lọ́dún. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn kò ní jókòó sílé. Kí ó lúwẹ̀ẹ́, kí ó gbá bọ́ọ̀lù, kí ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré. Ara kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń kọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi ni pé mo máa ń kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń darí kẹ̀kẹ́ kí n tó bá a sọ̀rọ̀ agbára. Agbára á wá tó bá dàgbà. Ìdarí kẹ̀kẹ́ ni ọjọ́ orí yìí dára jù fún, nítorí ọmọdé kò tíì ní ẹ̀rù àgbàlagbà lára, ọwọ́ rẹ̀ sì yá láti gba nǹkan.

Kí ló yẹ kó mọ̀? Kí ó mọ bí wọ́n ṣe ń dìde dúró lórí pẹ́dàlì, kí pẹ́dàlì méjèèjì wà lọ́gbọọgba, kí orúnkún àti ìgúnpá tẹ̀ díẹ̀, kí àyà sún wálẹ̀. Kí ojú rẹ̀ máa wo ibi tó ń lọ, níwájú dáadáa. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá wà lára òkúta, orí òkúta náà ni táyà rẹ̀ máa gùn. Ìka kan ṣoṣo lórí bíréèkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyókù á di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Kí ó tẹ bíréèkì kó tó wọ kọ́nà, kó sì tú u sílẹ̀ nígbà tó bá ń yí. Tí gbòǹgbò igi tó tutù bá dábùú ọ̀nà, kí ó gùn ún kọjá ní ọ̀gangan láì tẹ bíréèkì, nítorí táyà tó bá fi ẹ̀gbẹ́ kan gbòǹgbò tútù á yọ̀ ni. Kí ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró lójú kan lórí kẹ̀kẹ́ láì fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti iwájú sókè, lẹ́yìn náà ti ẹ̀yìn, títí tí yóò fi lè fi kẹ̀kẹ́ fo igi tó wó. Orí koríko ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí. Ìṣẹ́jú 20 péré, lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò pé agbára gígun òkè ló ń ya ẹni iwájú sọ́tọ̀. Ẹ dúró sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́jọ́ ìdíje kí ẹ wòye. Ọmọ tó ń tẹ bíréèkì ní gbogbo kọ́nà gbọ́dọ̀ tún wa kẹ̀kẹ́ náà padà sí eré lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ ń tán sí. Tí ó bá fi máa kan òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ.

Bí ọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ ọdún 13 tó wà lọ́dọ̀ mi ṣe máa ń rí nìyí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìdarí kẹ̀kẹ́ lórí pápá. Ọjọ́bọ̀, wọ́n wà pẹ̀lú ẹgbẹ́, wọ́n ń lé ara wọn, wọ́n ń sáré kúkúrú kúkúrú, wọ́n ń dánra wò fún bí wọ́n ṣe ń gbéra níbi ìlà ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, wọ́n á wọ inú igbó fún wákàtí kan àbọ̀ sí méjì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tí ọmọ kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láì mí gúlegúle, eré náà ti yá jù, kí ó rọra. Ọjọ́ Àìkú, tó bá wù ú, kí ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ gùn ún káàkiri. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, kẹ̀kẹ́ ń sinmi. Kò sí aago tó ń ka lílù ọkàn, kò sí ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ẹsẹ̀. Tó bá pé ọdún 15 sí 16, a lè fi ọjọ́ kan tó le kún un, bíi ìṣẹ́jú 4 pẹ̀lú gbogbo agbára, ìsinmi ìṣẹ́jú 4, kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó parí.

Ẹ sàmì gíga rẹ̀ sí ara ògiri ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn obìnrin sábà máa ń ga lójijì ní nǹkan bí ọdún 12, àwọn ọkùnrin ní bíi 14. Lásìkò náà, ọmọ tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn á kàn dà bí ẹni tí ara rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, orúnkún á sì máa ro ó, pàápàá lábẹ́ agbárí orúnkún níbi tí iṣan ti so mọ́ eegun. Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, ẹ gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ sókè bá gíga rẹ̀ tuntun, ẹ ní sùúrù títí ara á fi bára mu. Tí ìrora náà kò bá lọ, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Ọmọ Leeds ni Tom Pidcock, ẹni tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Tokyo ní 2021 àti ní Paris ní 2024. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ orí òkè nìkan ló fi dàgbà o. Ní 2017, ó gba ipò kìíní lágbàáyé láàárín àwọn ọ̀dọ́ nínú cyclo-cross, ìyẹn eré kẹ̀kẹ́ inú ẹrẹ̀ ìgbà òtútù. Ọdún yẹn kan náà ló tún gba ti ojú títì, èyí tí olúkúlùkù ń dá sá pẹ̀lú aago. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tọ́ oríṣiríṣi wò.

Bàbá Ìbejì, Sheffield

Kóòṣì ti sọ ọ́ tán, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀.

Mà, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ ilé ìwé la máa ń rà tóbi kí ọmọ lè dàgbà bá a, ẹ má ra kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó bá ju ọmọ lọ kò ṣe é darí, ẹ̀rù á máa bà á níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gbogbo ohun tí kóòṣì ní kí ó kọ́ ni kò ní ṣeé ṣe. Ẹ ra èyí tó bá a mu lónìí. Àlòkù tó dára pọ̀, nítorí àwọn ọmọ ń dàgbà, àwọn òbí ń tà. Ẹ béèrè nínú ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù.

Èyí tó ní spring níwájú nìkan ti tó. Èyí tó ní níwájú àti lẹ́yìn wúwo, ó wọ́n, àtúnṣe rẹ̀ sì ń jẹ owó. Fún ọmọ tí kò wọn ju kílò 45, ìwúwo kẹ̀kẹ́ ṣe pàtàkì ju bó ṣe jẹ́ fún èmi tàbí ẹ̀yin. Ẹ wo gígùn apá tí pẹ́dàlì so mọ́. Tó bá gùn jù fún ẹsẹ̀ rẹ̀, orúnkún ló máa jìyà rẹ̀. Ẹ tún wo ọwọ́ bíréèkì: ìdè kékeré kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń yí láti fà á súnmọ́ ìka. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló ń tiraka láti na ìka kan bíréèkì láì sẹ́ni tó mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan ló máa gbà láti tún un ṣe.

Atẹ́gùn táyà: èyí làwọn òbí kì í kà sí. Wọ́n á fi pọ́ǹpù gbé e sókè títí táyà á fi le bí òkúta, kẹ̀kẹ́ á wá máa ta ọmọ sókè lórí gbogbo gbòǹgbò. Tí táyà náà kò bá ní tíúbù, tí oje tó ń dí ihò sì wà nínú rẹ̀, ọmọ tó wọn nǹkan bíi kílò 45 lè lo láàárín 16 sí 20 psi (òǹkà tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà), kí ẹ̀yìn fi díẹ̀ ju iwájú lọ. Tó bá ní tíúbù, ẹ fi kún un dáadáa, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àpáta á máa fún tíúbù náà já. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn atẹ́gùn tiyín, kò wọ́n.

Kí ọmọ fúnra rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ tíúbù, kó mọ bí wọ́n ṣe ń dá ṣéènì padà sípò. Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ kò lè sáré wọ ojú ọ̀nà lọ bá a tún un ṣe. Àyè kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìrànlọ́wọ́, kó tó débẹ̀ òun nìkan ni. Ní Paris ní 2024, táyà Pidcock jò láàárín ìdíje. Ó fara balẹ̀ gùn ún bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé àyè yẹn, wọ́n bá a pààrọ̀ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, àwọn tó wà níwájú ti lọ jìnnà, ó sì lé wọn bá. Mo fi fídíò rẹ̀ han àwọn ìbejì mi kí wọ́n lè rí i pé táyà tó jò kì í ṣe òpin ìdíje.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Manchester

Mo kí gbogbo yín. Ẹ má bínú, èmi ò gbà pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yìí. Àwọn ọmọ tó ń dúró síwájú lórí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ ti ń gun kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó lè kàwé. Bàbá wọn gùn ún, bàbá bàbá wọn gùn ún. Àwọn ọmọ tiwa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Nígbà tí mo bá mú ọmọ mi lọ síbi ìdíje, mo lè wo gbogbo pápá náà yípo kí n má rí ọmọ dúdú míì. Ọmọ tó wà ní irú ipò yẹn gbọ́dọ̀ ṣe ìlọ́po méjì kí wọ́n tó kà á sí. Bàbá ọmọ yẹn tó lẹ ìwé mọ́ fíríìjì, ó yé mi.

Kóòṣì Ọ̀dọ́, Leeds

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín, ohun tó ń dùn yín náà ń dùn mí. Mi ò ní kí ọmọ má ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni irú iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Ní ọdún 13, ọmọ tó tètè bàlágà ló sábà máa ń wà níwájú, nítorí ara rẹ̀ ti tóbi ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Tó bá di ọdún 17, ara àwọn tó kù á ti bá tirẹ̀ dọ́gba, ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ darí jù ni yóò máa lọ. Ẹni tí wọ́n bá fi ìlọ́po méjì tẹ̀ láti kékeré, orúnkún rẹ̀ tàbí ọkàn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tiwa tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ohun tó lè fi lé wọn bá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún tí yóò fi wà nínú eré yìí. Ẹ má jẹ́ ká ná ọdún wọ̀nyẹn tán lẹ́ẹ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Birmingham

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kan àwa gan-an, tí ẹ kò ní rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà àwọn òyìnbó.

Ṣé ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín? Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ yìí ni ẹ bí i sí, wọ́n ti gún un ní gìgísẹ̀ nígbà tó wà ní ìkókó láti yẹ fòníkú-fọ̀ladìde wò, èsì náà wà nínú ìwé rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Nàìjíríà ni, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin láàárín àwọn ènìyàn wa ló ní AS. AS kì í ṣe àìsàn, ọmọ tó ní i sì lè díje láìsí wàhálà. Àmọ́ tí ó bá sáré kọjá agbára rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn, pàápàá nínú ooru, láì mu omi, tàbí níbi òkè tó ga gan-an, iṣan rẹ̀ lè bàjẹ́ lójijì. Ọ̀rọ̀ náà lágbára débi pé àjọ tó ń darí eré ìdárayá ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, NCAA, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún àyẹ̀wò yìí láti 2010 lọ́wọ́ àwọn eléré ìpele gíga wọn.

Kí ẹ ṣe é báyìí: kí iṣẹ́ rẹ̀ máa le díẹ̀díẹ̀, kí ìsinmi tó gùn wà láàárín eré kan sí èkejì, kí omi má wọ́n ọn, kí kóòṣì mọ̀. Ẹ fi ìyàtọ̀ kan sọ́kàn. Iṣan tó bá so kókó lásán máa ń le gan-an, ọmọ á máa ké. Ti AS, ẹsẹ̀ á rọ, ọmọ á kàn wó lulẹ̀ láì pariwo púpọ̀. Ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ fún un lómi, ẹ tù ú lára. Tí kò bá tètè bọ̀ sípò, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ilẹ̀ yìí. Tó bá jẹ́ SS, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun láì bá dókítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jókòó.

Nípa orí. Tí ọmọ bá ṣubú, tó fi orí gbálẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, tàbí tí kò rántí bó ṣe ṣubú, eré parí lọ́jọ́ yẹn. Kò sí «jẹ́ kó parí ìyípo tó kù». Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní Britain ní 2023 ní kí ó fara sinmi fún wákàtí 24 sí 48, kó máa padà ṣe nǹkan díẹ̀díẹ̀, kó má sì díje kí ọjọ́ 21 tó pé, ìyẹn náà tó bá ti lo ọjọ́ 14 láìsí àmì kankan. Tó bá ń bì, tí orí fífọ́ ń le sí i, tí ọrùn ń dùn ún, tàbí tí oorun tó ń kùn ún kò bójú mu, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Àṣíborí tó bá ti gba irú ìkọlù yẹn ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, ẹ ra òmíràn.

Fún ọmọbìnrin tó ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù: tó bá ń rẹ̀ ẹ́ láì nídìí, ẹ ní kí dókítà yẹ ìwọ̀n irin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn tó ti ń wá déédéé, ẹ má yọ̀ pé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ara rẹ̀ ń sọ fún yín pé oúnjẹ kò tó iṣẹ́ ni. Nínú ìlú olóòrùn díẹ̀ yìí, àwa aláwọ̀ dúdú nílò fítámì D, NHS, ìyẹn àjọ ìlera ìjọba níbí, ní máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, kí àwa sì rò ó láti lò ó jálẹ̀ ọdún. Oorun: wákàtí 8 sí 10. Fóònù kò gbọdọ̀ bá a wọ yàrá.

Olóòyà, Woolwich

Ìyá Ọmọ, mo rí i pé gbogbo wọn fo ọ̀rọ̀ irun, iṣẹ́ mi sì nìyẹn.

Kọ̀lẹ́sẹ̀ ni kí ẹ dì fún un. Láti iwájú lọ sẹ́yìn, kó pẹlẹbẹ mọ́ orí, kí ìparí rẹ̀ já sí ìpàkọ́ nísàlẹ̀, níbi tí àṣíborí kò dé. Ẹ má dì ṣùkú fún un lásìkò ìdíje, ó ń kó gbogbo irun jọ sí àtàrí, àṣíborí á sì gbókè lé e. Tí àṣíborí bá gbókè, iwájú orí á ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ kan òkúta. Irun àfikún tó nípọn náà kò dára, bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀: tó bá ṣubú, ìlẹ̀kẹ̀ á gún un lórí. Tí irun tuntun bá ti wà, kí ó tún okùn àṣíborí dè kí ó tó jáde, nítorí ìwọ̀n orí rẹ̀ ti yàtọ̀. Ìka méjì lókè ojú ni kí etí àṣíborí wà. Aṣọ siliki fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kò burú, bó bá ti lè mọ́ orí.

Ìyá Àtìlańtà, Georgia

Ẹ kú àárọ̀ láti Amẹ́ríkà. Níbí, ilé ìwé ló gbé e. NICA ni orúkọ àjọ náà, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2009, ó ní ìdíje ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, láti kíláàsì kẹfà títí dé ìkejìlá. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tí wọ́n ń mú jókòó lórí àga. Gbogbo ọmọ tó bá wà nínú ẹgbẹ́ ló ń díje. Àwọn òbí ló sì pọ̀ jù nínú kóòṣì: wọ́n á ṣèwádìí nípa rẹ, wọ́n á kọ́ ọ nípa ọpọlọ tó mì àti ìtọ́jú ọmọ, kí wọ́n tó jẹ́ kí o tẹ̀lé àwọn ọmọ wọ igbó. Ètò kan wà fún àwọn ọmọbìnrin, GRiT, tí wọ́n ń gùn ún pa pọ̀. Ọmọ mi ìbá ti fi í sílẹ̀ tí kì í bá ṣe àwọn ọ̀rẹ́ tó rí níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ fi Eliot Jackson han ọmọ yín. Ọmọ dúdú ni, ó gun kẹ̀kẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nínú ìdíje àgbáyé, ó sì dá Grow Cycling Foundation sílẹ̀ ní 2020 kí àwọn bíi tiwa lè wọlé.

Alásè, Milton Keynes

Oúnjẹ. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tàbí iṣu sísè pẹ̀lú ẹyin tàbí ẹja, kó yó dáadáa. Ní òwúrọ̀, wákàtí mẹ́ta kó tó gbéra, ògì àti búrẹ́dì, tàbí ìrẹsì funfun pẹ̀lú ọbẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀wà àti àkàrà, wọ́n ń mú ara dàgbà, ṣùgbọ́n ẹ fi wọ́n sí ẹ̀yìn ìdíje, nítorí afẹ́fẹ́ inú àti epo kì í bá orí gbòǹgbò lọ. Ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ olóróró ní àárọ̀ ìdíje, rárá.

Ìdíje ọmọdé kúrú, omi nìkan ti tó. Nígbà tó bá gun kẹ̀kẹ́ ju wákàtí kan lọ, kó máa jẹ oúnjẹ afúnnilókun gíráàmù 30 sí 60 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó tóbi díẹ̀ ní bíi gíráàmù 25. Lẹ́yìn eré, ìrẹsì àti ẹja, tàbí mílíìkì àti búrẹ́dì, kó má pẹ́. Ohun mímu amúnilágbára inú agolo tó ní kaféènì kò yẹ ọmọdé.

Mo tún fẹ́ bẹ̀ yín nípa àgbo. Màmá kan fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní àgbo kí ara rẹ̀ lè le kí ìdíje tó dé. Ẹ má ṣe é. Nínú òfin ìdíje, eléré ló ni ẹ̀bi ohunkóhun tí wọ́n bá bá nínú ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọdé, wọ́n sì lè yẹ ọmọdé wò. A kò mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta

Mo ti ń kà á láti òkè wá, ẹ ṣeun. Èmi wà nílé. Àbúrò mi ọkùnrin, ọdún 15, ń gun kẹ̀kẹ́ tokunbo káàkiri àwọn òkè àti àpáta àdúgbò wa. Kò sí ọ̀nà tí wọ́n là fún un, kò sí ẹgbẹ́. Ǹjẹ́ ó lè fi ohun tó wà nílẹ̀ kọ́ ara rẹ̀?

Kóòṣì Ọ̀dọ́, Leeds

Ó lè ṣe é dáadáa, àbúrò. Àpáta àti ilẹ̀ pupa tó gbẹ yẹn ń kọ́ táyà ní ohun tí ẹrẹ̀ wa níhìn-ín kì í kọ́. Kó wá òkè kékeré kan tó lè gùn fún ìṣẹ́jú 3 sí 4, kó máa gùn ún lọ bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa ìdarí kẹ̀kẹ́, àgbàlá tàbí pápá ilé ìwé gbà á. Ìdájí ni kó máa jáde kí oòrùn tó mú, kó gbé omi dání. Kẹ̀kẹ́ tokunbo kò burú, àmọ́ kó tó gun àpáta, kó yẹ bíréèkì wò, iwájú àti ẹ̀yìn, kó wo ara irin kẹ̀kẹ́ yípo níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀ bóyá ó ti sán. Àṣíborí kì í ṣe ohun àfikún, owó rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Kó má dá wọ ibi tó jìnnà, kí ẹnì kan mọ ibi tó lọ.

Ọ̀dọ́ Bristol

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin màmá àti bàbá. Ọdún 17 ni mí, mo ń díje nínú ìpele ọ̀dọ́. Mo fẹ́ sọ tẹnu àwa ọmọ. Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa ké «yára, yára» láti ẹ̀bá ọ̀nà. A mọ̀ pé ó yẹ ká yára. Ẹ sọ ohun tó wúlò fún wa: ipò tí a wà, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ló wà láàárín èmi àti ẹni iwájú. Lẹ́yìn ìdíje, ẹ fún wa ní omi àti aṣọ gbígbẹ kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a ó sọ. Ẹ má sì fi ọmọ tó borí wa wé wa nínú mọ́tò ní gbogbo ọ̀nà ilé.

Ìyá Ọmọ, Peckham

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Bàbá rẹ̀ ti ka gbogbo rẹ̀, ó ti yọ ìwé náà, ó ní kí n béèrè ìkan sí i lọ́wọ́ kóòṣì: ìdíje àkọ́kọ́, báwo la ṣe máa ṣe ọjọ́ náà? Ó sì ku ìdánwò ilé ìwé, a ò fẹ́ kí ìyẹn bàjẹ́.

Kóòṣì Ọ̀dọ́, Leeds

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá wọn. Ìdánwò kọ́kọ́ o. Lọ́sẹ̀ ìdánwò, ẹ dín kẹ̀kẹ́ kù sí ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ara kò ní gbàgbé.

Ìdíje kékeré ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má sáré sí ti orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ ń gba ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ọlọ́dún, wọn á fún un ní ti ọjọ́ kan. Ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú. Kí ó fi ẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan, kó tún gùn ún pẹ̀lẹ́, kí ó dúró níbi tó bá le, kí ó wo ọ̀nà méjì tó lè gbà á kọjá: èyí tó yá àti èyí tó rọrùn. Tí ẹ̀rù kan bá bà á níbì kan, kí ó gba èyí tó rọrùn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ó mú ara gbóná fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ó fi eré kúkúrú méjì tàbí mẹ́ta sí i, kí ó wọ aṣọ òtútù títí wọ́n á fi pè wọ́n. Ẹni tuntun, ẹ̀yìn ni wọ́n á tò ó sí, nítorí máàkì tí ènìyàn ti kó jọ ni wọ́n fi ń tò wọ́n. Kí ó fi jíà tó fúyẹ́ díẹ̀ gbéra, nítorí èyí tó bá wúwo á mú un dúró lójú kan. Kí ó má gbìyànjú láti lé gbogbo ènìyàn bá nínú ìyípo kìíní. Iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni kí ó parí, kí ó sì lè sọ fún yín lẹ́yìn rẹ̀ ibi tó ti darí kẹ̀kẹ́ dáadáa àti ibi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìbejì yẹ kẹ̀kẹ́ náà wò lórí fídíò kí ẹ tó gbéra, pàápàá páàdì bíréèkì. Ẹ kọ̀wé sí mi nínú àpótí, màá sọ àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba ọmọdé ní ìhà gúúsù London fún yín, kí ó lè wà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ìgbà òtútù tó wọlé.